Christie, Chase, le Carré àbí Pratchett: Èwo Nínú Ìtàn Àròsọ Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Ló Yẹ Yín?

Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àròsọ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Bìrìtéènì, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìgbà wo lo máa ń ráyè kàwé?" Ẹni tó ń fi ogún ìṣẹ́jú kàwé nínú bọ́ọ̀sì, ìwé tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó jókòó sí gbọ̀ngàn tó dákẹ́ rọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ìwé tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Èmi ti wà ní ipò méjèèjì. Ìbàdàn ni mo ti ka James Hadley Chase nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, tí a ń fi ìwé ìṣirò bò ó kí tíṣà má baà rí i. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti wá ka John le Carré, lẹ́nu iṣẹ́ òru, tòun ti tíì nínú fúláàsì. Mo ti ka ọ̀pọ̀ tó dùn, mo sì ti fi owó àti àkókò ṣòfò lórí àwọn kan. Èrò ọkàn mi nípa wọn ni mo fẹ́ tò síbí, kí ẹni tó ń ronú èyí tí yóò mú lè rí nǹkan dì mú.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ló ṣáájú. Ní Bìrìtéènì, ìwé tuntun ẹlẹ́yìn rírọ̀ kan máa ń tó £9 tàbí £10. Àlòkù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn àjọ aláàánú kì í sábà ju £1 sí £3 lọ. Ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ kì í gba owó kí èèyàn tó yá ìwé, ẹ tiẹ̀ lè yá a sórí fóònù. Ẹ tún rántí pé lábẹ́ òfin ibẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá ti kú tó 70 ọdún, ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé, ẹ ó sì rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èkejì ni bóyá òǹkọ̀wé náà ṣe é gbọ́kàn lé: tí ẹ bá mú èyíkéyìí nínú ìwé rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ṣé yóò dùn? Ẹ̀kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ń yọ̀ bí ilá, àwọn kan sì wà tí èèyàn á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e.

Ẹ̀kẹrin ni mo kà sí jù, òun ni àtúnkà. Bí mo bá ti mọ ẹni tó pààyàn, tí mo ti mọ àwọn tó fẹ́ ara wọn, ṣé mo tún lè gbé ìwé náà kí n sì gbádùn rẹ̀? Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé tí tèwetàgbà ń kà kò lè ní ìjìnlẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Mo mọ ìwé amí kan tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo sì ń rí nǹkan tuntun níbẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ta ló pa á? Christie àti Conan Doyle

Torquay, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Agatha Christie ní 1890. Nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ilé ìwòsàn ìlú náà, ibẹ̀ ló sì ti mọ májèlé àti ìwọ̀n tó ń pààyàn. Ìdí nìyẹn tí májèlé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Inú ife kọfí ni ikú sábà máa ń wà, lórí tábìlì tí ẹbí jókòó yí ká, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 66 ló kọ, yàtọ̀ sí àwọn ìtàn kéékèèké. Hercule Poirot, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ń tọ́jú irun imú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ, ni aráyé mọ̀ jù, ṣùgbọ́n Miss Marple ló wọ̀ mí lọ́kàn. Ìyá arúgbó ni, kò lọ́kọ, abúlé St Mary Mead ló ń gbé, aṣọ òtútù ló sì máa ń hun. Ọlọ́pàá á kó gbogbo ẹ̀rí kalẹ̀, orí wọn á dàrú. Ìyá yìí á wá sọ wẹ́rẹ́ pé ọkùnrin tí wọ́n ń sọ yẹn rán òun létí ẹnìkan ní abúlé àwọn, tó ṣe báyìí báyìí lọ́jọ́sí. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí tó ń já ẹ̀fọ́, kò sì sí ẹni tó wọlé tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Christie mọ̀ pé ìwà èèyàn kò ní abúlé tàbí ìlú ńlá, ó sì fi ìmọ̀ yẹn ṣe irinṣẹ́ ìwádìí.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn. Bí ẹ bá ka ojú ìwé mẹ́wàá lóòjọ́, ìtàn náà kò ní pòórá mọ́ yín lọ́wọ́. Ti pé kó ṣe é gbọ́kàn lé ńkọ́? Láti *The Murder of Roger Ackroyd* ti 1926 títí dé àárín ogun àgbáyé kejì, ẹ lè fojú bíbò mú èyíkéyìí. Àwọn tó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, lẹ́yìn 1970, ni kí ẹ fi sílẹ̀. *Curtain* nìkan, tó jáde ní 1975, àti *Sleeping Murder*, tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1976, ni ẹ má ṣe kà mọ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ló ti kọ wọ́n tó sì tọ́jú wọn pamọ́.

Níbi àtúnkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rẹ̀yìn. Ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ fi rí bó ṣe tàn yín jẹ, lẹ́yìn ìyẹn ó tán. *Five Little Pigs* yàtọ̀. Wọ́n fi májèlé pa ayàwòrán kan, ọdún 16 kọjá, Poirot wá ń lọ bá àwọn márùn-ún tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ bí ẹnìkejì. Mo mọ ẹni tó ṣe é, mo ṣì ń kà á.

Mo ní láti sọ èyí pẹ̀lú: ẹ ó bá ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí nípa àwọn Júù àti àwa aláwọ̀ dúdú pàdé nínú àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé *And Then There Were None* jáde ní 1939 jẹ́ èébú gbangba sí wa, wọ́n sì ti yí i padà. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀. N kò tìtorí ẹ̀ pa ìwé náà tì, ṣùgbọ́n n kì í gbé e fún ọmọdé láì kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kí ẹ tó sanwó. Mo ra Christie kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó tẹ́ ìwé sílẹ̀ lábẹ́ afárá. Mo kà á dé ibi tí Poirot ti pe gbogbo wọn jọ sí yàrá kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, ni mo bá ṣí ojú ìwé, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ojú ìwé mẹ́jọ tó kẹ́yìn ti ya lọ. Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó rí òmíràn.

Arthur Conan Doyle ṣáájú Christie, dókítà ni, Edinburgh ni wọ́n ti bí i. Ìwé ńlá 4 àti ìtàn kúkúrú 56 ló kọ nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, Sherlock Holmes, kò sì sí èyí tó wọ́n nínú wọn, nítorí ó kú ní 1930, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn kúkúrú, *The Adventures of Sherlock Holmes* ti 1892. Ìtàn kan kò ju ìrìn bọ́ọ̀sì kan lọ. Ọ̀rọ̀ Holmes ti sú Doyle fúnra rẹ̀ débi pé ó pa á ní 1893. Àwọn òǹkàwé kò jẹ́ kó sinmi, ó sì jí i dìde padà ní 1903. Èrò tèmi ni pé àwọn ìtàn tó kọ kó tó pa á dùn ju ti ẹ̀yìn àjíǹde lọ. Wọn kì í tẹ́ mi lọ́rùn tó ti Christie, nítorí Holmes máa ń rí nǹkan tí òǹkàwé kò lè rí. Christie ní tirẹ̀ fi gbogbo ẹ̀rí síwájú yín, ẹ̀yin lẹ ò wò ó.

James Hadley Chase, tí gbogbo wa kà

Ọ̀pọ̀ wa nílé rò pé ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, 1906 ni wọ́n bí i, René Raymond sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwòrán ilẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro Amẹ́ríkà ló tẹ́ síwájú tó fi ń kọ ìtàn Miami àti California. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1939, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró láti ìgbà náà títí di ọjọ́ ogbó.

Bí ẹ bá ti ka mẹ́ta, ẹ ti mọ ètò rẹ̀. Ọkùnrin kan tí owó ń pọ́n lójú, obìnrin arẹwà kan, owó ńlá kan níbì kan, ìwà ọ̀daràn tó dà bíi pé kò ní àléébù, lẹ́yìn náà ni okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ti ń sáré ju Chase lọ. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò le, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló sì tipasẹ̀ rẹ̀ mọ ìwé kà. Mo mọ oore yẹn. Àmọ́ obìnrin kì í jẹ́ èèyàn nínú ìwé rẹ̀, ìdẹwò lásán ni tàbí òkú. N kò rí ẹyọ kan tí mo lè tún kà. Ẹni tó bá fẹ́ irú eré yẹn ní èdè tiwa, kó wá *Àjà Ló Lẹrù* Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969. Lápàdé inú ìwé yẹn lẹ́ran lára ju gbogbo ọkùnrin inú ìwé Chase lọ.

Àwọn amí

Àwọn mẹ́ta ni ẹ ó gbọ́ orúkọ wọn. Ian Fleming, tó dá James Bond sílẹ̀ ní 1953, ni mo fẹ́ tètè kúrò lórí rẹ̀. Oúnjẹ, ọkọ̀ àti ọtí inú rẹ̀ dára, ojú tó fi ń wo aláwọ̀ dúdú kò dára, ọjọ́ sì ti lọ lórí rẹ̀.

Frederick Forsyth, tó kú ní 2025, kan àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Akọ̀ròyìn BBC ni nígbà tí wọ́n rán an lọ síbi ogun Biafra ní 1967. Ó kúrò níṣẹ́ náà, ó padà lọ fúnra rẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ tó kọ sì dá lórí ogun yẹn. Ẹ̀yìn Biafra ló wà, kò sì fi bò. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló jókòó tó fi ọjọ́ 35 kọ *The Day of the Jackal*, tó jáde ní 1971. Wọ́n gba apààyàn kan kó lọ pa Ààrẹ de Gaulle ti ilẹ̀ Faransé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọn kò rí de Gaulle pa, síbẹ̀ ọkàn yín kò ní balẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú àlàyé iṣẹ́. Ẹ wo bí apààyàn náà ṣe gba ìwé ìrìnnà: ó lọ sí itẹ́ òkú lábúlé, ó wá sàréè ọmọdé tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ náà, ó sì fi í béèrè fún ìwé ìrìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni òkú ọmọ ṣe di alààyè tó ń wọ bàálù. Ẹ kò ní mọ ohun tó wà lọ́kàn apààyàn náà, ẹ ó kàn mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìrìn àjò gígùn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

John le Carré ni ọ̀gá wọn. David Cornwell lorúkọ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ amí fún ìjọba Bìrìtéènì ní ti gidi, ìdí nìyẹn tí kò fi lè fi orúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé. *The Spy Who Came in from the Cold* ti 1963, tí ògiri Berlin wà láàárín rẹ̀, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kò nípọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí *Tinker Tailor Soldier Spy* ti 1974. Wọ́n ti lé amí kan, George Smiley, kúrò níṣẹ́. Ọkùnrin kúkúrú tó sanra ni, ìyàwó rẹ̀ ń dalẹ̀ rẹ̀, etí táì ọrùn rẹ̀ ló sì máa ń fi nu awò ojú. Òun ni wọ́n tún yọ́ pè padà pé kó wá ọ̀dàlẹ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀gá pátápátá. Àwọn àgbà wa ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ìwé náà dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, fáìlì ni Smiley ń kà, èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀, síbẹ̀ àyà mi já nígbà tó jókòó sínú òkùnkùn láìwọ bàtà tó ń retí ọ̀dàlẹ̀ náà.

Mo kìlọ̀ fún yín pé ó le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e jù sílẹ̀ kó tó di pé mo kà á tán, nítorí ó ń lo èdè àwọn amí láìṣàlàyé, orúkọ sì pọ̀. Kì í ṣe ìwé inú bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti mọ ọ̀dàlẹ̀ náà ni ẹ ó tó rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Smiley ti mọ̀, tí kò fẹ́ mọ̀.

Ìfẹ́, àti ìyáálé tó ti kú

Lọ́ńdọ̀nù ni Gerald Mills àti Charles Boon ti dá ilé ìtẹ̀wé wọn sílẹ̀ ní 1908. Àwọn ọmọbìnrin tó gbé nínú ọgbà ilé ìwé mọ ìwé Mills & Boon dáadáa, wọn a máa yá a kiri títí èèpo rẹ̀ á fi bọ́. N kò ní bá ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹ bá ní kí ìwé ṣe é gbọ́kàn lé, kò sí èyí tó tó o: ó mọ níwọ̀n, àlòkù rẹ̀ kò wọ́n, ayọ̀ ló sì máa fi parí, láìkùnà. Lẹ́yìn ọjọ́ tó nira, oògùn ni.

*Rebecca* tí Daphne du Maurier kọ ní 1938 ni mo fẹ́ dúró lé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é ní ìtàn ìfẹ́ abanilẹ́rù. Èmi rí i bí ìtàn ìyàwó àti ìyáálé. Ọmọbìnrin kan tí kò lẹ́nìkan fẹ́ ọkùnrin olówó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọ́n sì jọ padà sí ilé ńlá tó wà ní Cornwall. Ìyáálé ti kú, àmọ́ òun ló ṣì ń darí ilé. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé, orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, Mrs Danvers tó ń bójú tó ilé sì ń tọ́jú yàrá rẹ̀ bí ojúbọ. Ìyàwó tuntun tó ń sọ ìtàn náà kò lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tẹlifóònù ilé dún, wọ́n béèrè Mrs de Winter. Ọmọbìnrin yìí dáhùn pé ẹ ti ṣì í, ó ti lé lọ́dún kan tí Mrs de Winter ti kú. Ìgbà tó gbé e sílẹ̀ tán ló tó rántí pé òun ni Mrs de Winter. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ fi bí ìyàwó tuntun ṣe ń pòórá nínú ilé ọkọ hàn tó èyí.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́lá, kò sì ṣókùnkùn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fà díẹ̀, ẹ fara dà á títí wọ́n fi dé ilé náà. Ní ti àtúnkà, ìgbà kejì ni mo tó mọ̀ pé kò yẹ kí n fọkàn tán ọkọ yẹn tó bí mo ti ṣe.

Terry Pratchett

Ayé pẹlẹbẹ kan wà lórí erin mẹ́rin, àwọn erin náà dúró lórí ẹ̀yìn ìjàpá ràgàjì kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ìràwọ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn Discworld tí Terry Pratchett kọ ti ń ṣẹlẹ̀, ìwé 41 sì ni. Àwa tí Fágúnwà tọ́ dàgbà, tí a mọ̀ pé iwin ń sọ̀rọ̀ tí ẹranko sì ń ronú, a kì í pẹ́ wọ inú rẹ̀. Ikú fúnra rẹ̀ jẹ́ èèyàn níbẹ̀: ó fẹ́ràn ológbò, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń mú un ronú gidigidi.

Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkọ́kọ́ ti 1983, wọ́n sì ju ú sílẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi *Mort* (1987) tàbí *Guards! Guards!* (1989) bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ ó ti pàdé Sam Vimes, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ òru tó ń mutí. Nínú òmíràn, *Men at Arms* ti 1993, Vimes rò ó pé bàtà tó dáa jẹ́ dọ́là 50, ó sì ń lo ọdún mẹ́wàá. Tálákà kò ní 50, dọ́là 10 ló máa fi ra gbàǹjo, tí omi á máa wọ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kó tó di ọdún mẹ́wàá, tálákà á ti ná 100, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tún tutù. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nìyẹn nípa epo pupa: ẹni tó ń rà á ní ìgò kékeré ló ń sanwó jù, torí kò ní owó kẹ́ẹ̀gì. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Vimes ti fẹ́lẹ́ débi pé bí kùrukùru bá bo ìlú lóru, bí òkúta títì ṣe ń gún un lẹ́sẹ̀ ló fi ń mọ àdúgbò tó wà. Ìwé ẹ̀rín ni wọ́n pe èyí, mo sì pa á dé nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì Pratchett kún fún àfiṣeré ọ̀rọ̀, ẹ kò ní mú gbogbo rẹ̀. Ó kéde ní 2007 pé àìsàn ọpọlọ Alzheimer ti ń bá òun jà, ó sì kú ní 2015. Àwọn tó kọ gbẹ̀yìn kò dán tó ti àárín. Fún àtúnkà, kò lẹ́gbẹ́ láàárín gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. P. G. Wodehouse nìkan ló lè pa mí lẹ́rìn-ín jù ú lọ, àmọ́ gbogbo adùn Wodehouse wà nínú ìtò gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, n kì í sì í fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Tí ẹ kò bá fẹ́ ná kọ́bọ̀, tí àyè yín kò sì ju ìrìn bọ́ọ̀sì lọ, Holmes ni. Tí ẹ bá fẹ́ràn kí ẹ máa fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú ilé, tọkọtaya tàbí ìyá àtọmọ, ẹ ra Christie àlòkù méjì, kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni tó fura sí sórí ìwé kó tó dé orí tó kẹ́yìn. Ọmọkùnrin tí kò fẹ́ràn ìwé rárá, tó ti tó ọmọ ọdún 16, Forsyth ni mo máa fún un. Tẹ́lẹ̀, Chase ni ǹ bá dárúkọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òyìnbó, tó ń gbé ilé tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, kó ka *Rebecca*. Ẹni tí ayé ń bí nínú, tó sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó wá Vimes lọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ òru, ẹ yá *Tinker Tailor* ní ilé ìkàwé, ẹ má tíì rà á. Ẹ mú pépà kan dání, kí ẹ máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ta ni, àti ẹni tí kò sọ òtítọ́. Tèmi kún tẹ́yìn-tiwájú, ó ṣì wà nínú ìwé náà títí di òní.